Ìdajì Gbólóhùn Bàbá Mi Tí Mo Gé Sọnù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbàlagbà ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé. Ẹ má béèrè orúkọ mi. Bí ẹ bá jẹ́ ará ibí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀ dé àárín.

Ọ̀ràn kan wà lọ́rùn mi, ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà wa. Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gbé pátákó kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà iléèwé kan nílùú yìí, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Irọ́ ló wà lára pátákó náà. Èmi ni mo pa irọ́ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá mi. Tíṣà lòun náà. Lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira, oríṣiríṣi ọmọ ló kún inú kíláàsì rẹ̀, nítorí réluwé. Ọmọ Ọ̀fà wà níbẹ̀, ọmọ Ìjàgbó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Íbò, Núpé, Haúsá àti Ígálà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ojú irin náà wà níbẹ̀. Bàbá mi kọ gbólóhùn kan tí àwọn ọmọ náà máa kà lórí pápá lọ́jọ́ òmìnira. Inú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ló kọ ọ́ sí. Ìwé náà ti di tèmi báyìí. Ohun tó kọ rèé:

"Onílé ló ni ilé, ẹni tó bá wa gbé òpó ró, onílé lòun náà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe bàbá mi nìkan ló sì gbà bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n ṣe lóye orílẹ̀-èdè tuntun náà nìyẹn, pé gbogbo ẹni tí òmìnira bá nílẹ̀, tó fi ọwọ́ sí iṣẹ́, a jọ ni ilé náà ni. Bàbá mi wá kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa kà. Níwájú ìdajì àkọ́kọ́, ó kọ Gbádébọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Níwájú ìdajì kejì, ó kọ Ómálè, ọmọ Ígálà kan tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń tún irin réluwé ṣe.

Ómálè yìí dàgbà sí Ọ̀fà, ó gbéyàwó sí Ọ̀fà, Ọ̀fà náà ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni Sọ́ńdè. Ìtàn Sọ́ńdè ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kápẹ́ńtà ni Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ìdí réluwé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé mẹ́fà. Ó gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó lọ, ó sì fẹ́ràn ànàmọ́ débi pé a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló kan pósí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun kan ìṣó kankan sí i. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin, ìyá mi ló sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbò kiri. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, Aṣáájú ni màá máa pè é, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é náà nìyẹn. Kì í ṣe ẹni tó le rárá nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ títì àti iná ló máa ń sọ, àwọn èèyàn á sì máa wò ó bí ẹni tó ń dúró de ọ̀kadà. Ọmọ kan tí mo kọ́ níwèé rí ni akọ̀wé rẹ̀. Òun ló wá sílé mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tó ní gbòǹgbò la ń wá, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. A mọ̀ pé tó bá wà níbì kankan, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun mọ́ àfi kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù. Kíá ni mo dìde, tí mo lọ gbé ìwé bàbá mi, mo sì ka gbólóhùn náà fún un látòkè délẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ó gùn. Èrò ò ní lè pariwo lé e. Ṣé a ò lè dúró síbi àkọ́kọ́ yẹn?"

Mo wo ìwé náà. Orúkọ Ómálè wà níbẹ̀, ìka mi wà lórí rẹ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí ìdajì àkọ́kọ́ yẹn máa dà bó bá dá rìn. Ṣùgbọ́n mo ń ro bí wọ́n ṣe máa pè mí sí àga iwájú. Mo mú bébà tó mọ́, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dáa jù kọ ọ́ pé, "Onílé ló ni ilé." Mo fi àmì ìdánudúró sí i níbi tí kò yẹ kó wà.

Ó bi mí pé ta ló sọ ọ́. Ká ní mo sọ pé tíṣà kan l'Ọ̀fà ló kọ ọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé, bóyá ì bá dá a padà fún mi. Mo ní, "Àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nìyẹn."

Lẹ́yìn tó lọ, mo fi òwe tu ara mi nínú. Mo ní ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Mo gbàgbé pé kì í ṣe ọmọlúàbí nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nídìí òṣèlú.

Ọjọ́ ìpàdé náà dé. Sọ́ńdè ni wọ́n gbé iṣẹ́ pèpéle fún, òun ló kàn án látòkè délẹ̀. Mo jókòó sí ìlà kejì, mo wọ agbádá. Aṣáájú sọ̀rọ̀ títì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè, ó ní àwọn bàbá tó dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ sọ pé onílé ló ni ilé. Ariwo tó sọ lórí pápá yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Pákó kan ń mì lábẹ́ pèpéle, nítorí náà Sọ́ńdè wà nítòsí pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Bí ariwo ṣe lọ sílẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó parí gbólóhùn náà bí ẹni tó ń ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹni tó bá wa gbé òpó ró, onílé lòun náà."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ yíjú sí i. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló bi ẹ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Sọ́ńdè ò bínú. Ó ń fi ojú wá mi láàárín àwọn àga. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí n mi orí sí i bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì tí ọmọ bá dáhùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń so okùn bàtà mi. Bàtà náà ò ní okùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Aṣáájú ò ti sọ̀rọ̀ títì mọ́. Mò ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Nílùú kejì, ó fi kún un pé àlejò kì í pín ogún. Nílùú kẹta, ó ní torí kí onílé lè dá ilé rẹ̀ ní ni wọ́n ṣe jà fún òmìnira. Nígbà tó fi máa wọlé, ó ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan mìíràn tí Nàìjíríà wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olóṣèlú láwọn ibòmíràn gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ lédè tiwọn, oníkálukú sì mọ ẹni tó ń pè ní àlejò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tèmi fọ́ láti ibí dé òkè Ọya.

Àbúrò mi obìnrin tó ti pẹ́ lókè Ọya pè mí lórí fóònù pé wọ́n ń bi òun léèrè ilé bàbá òun. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tajà níbẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, níbo ni wọ́n ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí?" Mo ní kó máa ṣe sùúrù.

Nílùú wa níbí, àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn náà láràárọ̀ lórí ìlà. Mo ń gbọ́ wọn láti ilé mi. Àwọn àgbà tó yẹ kó rántí ayé àtijọ́ ò bá nǹkan kan wí. Wọ́n sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

Lẹ́yìn èyí lọ̀rọ̀ kan Àbẹ̀kẹ́. Ó ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì yege. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́jọ́sí, òun ló ń wá fún mi lábẹ́rẹ́ nílé lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ ìjọba, ó ku kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá, ìwé tó ń fi hàn pé ibí ni ìdílé èèyàn ti wá. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ èwo ni. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ bi í pé níbo ni agbo ilé wọn wà. Ó ní inú kọ́tà réluwé ni. Ọkùnrin náà na ìka sí ara ògiri. Gbólóhùn mi wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí bébà.

Wọ́n ní kó lọ gbà á nílẹ̀ Ígálà. Ó lọ. Àwọn tó bá lọ́hùn-ún ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, àti pé kò gbọ́ èdè àwọn. Wọn ò purọ́, kò gbọ́ ọ lóòótọ́. Iṣẹ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, tó ń fi sáńpépà ha pákó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Sọ́ńdè wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kọ̀ láti jókòó.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú pé mo wá yọ yín lẹ́nu. Bàbá mi kì í purọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Títí tó fi kú, tó bá ti jẹun tán, tó mumi sí i, á sọ gbólóhùn yẹn látòkè délẹ̀. Ó ní bàbá yín ló kọ́ àwọn, ó ní òun lòun ka ìdajì kejì ẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo fi kún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Ṣé kò síwèé tí bàbá yín kọ ọ́ sí? Bí mo bá rí i, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ á gbé e lọ bá wọn ní ọ́fíìsì yẹn."

Ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn mi. Sọ́ńdè ló kan kọ́bọ́ọ̀dù náà fún mi. Bí mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn, màá kàn án.

Mo ní, "Sọ́ńdè, ìwé bàbá mi pọ̀ jọjọ. Ikán ti jẹ òmíràn. Màá wá a."

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí Ọlọ́run bá mi wá a rí. Kò tíì dé gétì tí mo fi bú sẹ́kún, mo sì ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ bóyá ìwé àtijọ́ kan lè gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè má gbà á. Ṣùgbọ́n ká ní mo na ọwọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, Sọ́ńdè ì bá mọ̀ pé bàbá òun ò purọ́. Ìyẹn nìkan ti tó nǹkan, mo sì fi dù ú.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Láràárọ̀ ni Sọ́ńdè máa ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í bi mí pé mo ti rí i àbí mi ò tíì rí i, kó má baà dà bíi pé ó ń fi ipá mú mi. Á kàn kí mi ni: "Ẹ kú ìwákiri, Tíṣà." Èmi náà á ní, "O ṣeun."

Ní báyìí, iléèwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ kọ́ gbólóhùn náà sẹ́nu ọ̀nà. Aṣáájú fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ti sọ fún un pé èmi ni mo tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà fún orílẹ̀-èdè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n wá ṣí i. Ta ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ pátákó náà fún? Sọ́ńdè náà ni, torí pé kò sí kápẹ́ńtà tó mọ lẹ́tà fín bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, ó sì pè mí kí n wá wo iṣẹ́. Igi ìrókò ni. Ó fín in dáadáa, "Onílé ló ni ilé," lẹ́tà gàdàgbà. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ló fín in sí. Gbogbo ìsàlẹ̀ pátákó náà ṣófo, Àbẹ̀kẹ́ sì ń fi sáńpépà ha ibẹ̀ kó lè dán. Ó gbé àpótí fún mi kí n jókòó, ó bi mí pé ṣé ara mi ti le dáadáa.

Mo sọ fún Sọ́ńdè pé ó jọ pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà sókè jù.

Ó ní, "Rárá o, Tíṣà. Àyè ni mo fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé bàbá yín kó tó di Sátidé, màá fín ìyókù sí i. Mo ti wọ̀n ọ́n, ó máa gbà á."

Mo dìde, mo gbàgbé fìlà mi sórí àpótí yẹn, Àbẹ̀kẹ́ ló sáré gbé e lé mi bá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì ti rẹ̀ mí.

Èṣù ń sọ fún mi pé kí n ṣáà gbé ìwé náà lọ bá a, kí n ní mo ti rí i. Ó máa dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó máa pe aládùúgbò, ó máa ní ẹ wá wo ohun tí Tíṣà ṣe fún ìdílé òun. Á fín ìyókù sórí pátákó, gbogbo nǹkan á sì dà bíi pé ó ti tún. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbé ìwé náà dé gétì. Mo padà nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá gba ọpẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà tí mo hù máa burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Tàbí kí n dúró di Sátidé, kí n ka gbogbo rẹ̀ lójú Aṣáájú àti gbogbo ìlú, kí n sọ ẹni tó gé e? Kí wọ́n ṣe mí bó ṣe wù wọ́n. Aṣáájú kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ojú Sọ́ńdè ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wò nígbà tó bá rántí ọjọ́ tí mò ń so okùn bàtà tí kò sí. Ṣé kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ìlú tó gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ èèyàn rere rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ? Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní gbólóhùn fún ọdún márùndínlógójì, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí, Sọ́ńdè kọjá. Ìwé bàbá mi wà lórí itan mi, mo ṣí i síbi tí orúkọ Ómálè wà. Ó dúró létí fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ìwákiri, Tíṣà." Mo fi Bíbélì bo ìwé náà mọ́lẹ̀, mo sì ní, "O ṣeun, ọmọ mi."